Ó Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́dọ̀ Tèmi

Obìnrin tó ni ìtàn yìí ní kí n má fi ọwọ́ pa òun lórí. Ó ní bí inú bá ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, kí n jẹ́ kó hàn, nítorí ó tọ́ sí òun. Ẹ̀yin òǹkàwé, mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Inú ń bí mi.

Kíákíá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ kí wọ́n máa kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un láàárọ̀, ó ti parí kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá ti ń yìn nítorí eré sísá, ọjọ́ tó bá yẹ kó rọra rìn, ara rẹ̀ kì í gbà á.

Ilé iṣẹ́ wọn ló bá ilé ìwòsàn ńlá kan kọ ojú ìwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì: irú ẹ̀jẹ̀ wo ló wà, àpò mélòó ló kù. Dókítà tó wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ á ṣí i lórí fóònù, á sì mọ̀ bóyá kí òun ránṣẹ́ sí ibi fíríìjì tàbí kí òun tètè wá ẹ̀jẹ̀ gbà níbòmíràn.

Ẹni tó ń tọ́jú fíríìjì náà kì í ṣe àjèjì. Àbúrò ọkọ Kíákíá lóbìnrin ni, inú ilé wọn ló sì ń gbé. Eyínmẹ́nugún ni Kíákíá sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí eyín rẹ̀ funfun, ó tò gééré, ó sì máa ń hàn fún ohun tó pa á lẹ́rìn-ín àti ohun tí kò pa á lẹ́rìn-ín. Òun náà á dáhùn pé, “Ìyàwó wa.” Kíákíá jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ, nítorí náà àwọn méjèèjì ló ń fi “ẹ” bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ilé náà tòrò.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ojú ìwé náà lọ́ra. Dókítà á ṣí i, á dúró, á dúró, á fi fóònù sápò, á sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi fíríìjì.

Kíákíá mọ ìdí rẹ̀, òun ló kọ ọ́. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PHP ló fi kọ ọ́, lórí férémúwọ́ọ̀kì kan, ìyẹn egungun iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ti tò sílẹ̀ kí èèyàn kàn máa fi ẹran sí i. Irú egungun bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé iye ìgbà tí òun ń yọ dátábéésì, àká tí gbogbo àkọsílẹ̀ wà, lẹ́nu. Fún àpò ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ètò Kíákíá á sáré lọ bi dátábéésì pé irú ẹ̀jẹ̀ wo nìyí, á padà wá. Á tún sáré lọ bi í pé ìgbà wo ló máa bàjẹ́, á tún padà wá. Bí ẹni rán ọmọ lọ ra iyọ̀ ni, tí ọmọ dé, tí ó tún rán an lọ ra epo, tí ó dé, tí ó tún rántí alùbọ́sà.

Ọkùnrin tó jókòó tì í níbi iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Oníbéèrè nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ìbéèrè, sọ fún un pé, “Kíákíá, jẹ́ ká tún un kọ. Ká béèrè gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá bá ẹ ṣe é, ọ̀sẹ̀ kan ti tó.”

“Ọ̀sẹ̀ kan kẹ̀? Ọ̀la ni àwọn ará ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wò ó.”

“Ká sọ fún wọn pé kò tíì parí.”

“Ìwọ lo máa sọ fún wọn, àbí èmi?”

Ibẹ̀ ni Èṣù ti wọlé, bí ẹ bá fẹ́ kí n pè é ní Èṣù. Èmi ò gbà pé Èṣù ni. Ìgbéraga ni.

Ọgbọ́n kan wà nínú férémúwọ́ọ̀kì náà tí wọ́n ń pè ní káàṣì. Bí ètò bá ti bi dátábéésì ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan, á tọ́jú ìdáhùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá tún béèrè, ìdáhùn tó ti wà nílẹ̀ ni wọ́n á nà sí i, kò ní sí pé à ń sáré lọ sáré bọ̀. Ọgbọ́n gidi ni, kò sẹ́ni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn tí kì í lò ó. Ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ìdáhùn àtijọ́ rẹ́. Bí wọ́n bá gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kan kúrò nínú fíríìjì, ohun tó jẹ́ òótọ́ láàárọ̀ ti di irọ́ nìyẹn.

Nínú ètò, ìlà kan ló ń tọ́jú ìdáhùn. Ìlà mìíràn ló ń pa á rẹ́. Kíákíá kọ èyí àkọ́kọ́, ó ní kí ìdáhùn wà nílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan. Èyí kejì, ó ní òun á kọ ọ́ bí àwọn àlejò bá lọ tán.

Odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe iye bàtà tó kù nínú ìsọ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, Dókítà Àgbà ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ló tẹ fóònù. Ojú ìwé là wàì kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lórí gíláàsì. Ó tún un tẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ló ṣe èyí?”

Ọ̀gá gbá Kíákíá léjìká. “Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni, sà. Kíákíá là ń pè é.”

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti fi í ṣe olórí àwọn tó ń kọ ètò níbẹ̀. Ìlà kejì ṣì wà nínú orí rẹ̀, kò tíì dé inú kọ̀ǹpútà.

Oníbéèrè wá bá a nídìí tábìlì tuntun. “Ṣé o ti tún ìbéèrè yẹn kọ ni?”

“Ṣé kò yá ni?”

“Ó yá. Mo ń béèrè bóyá òótọ́ ló ń sọ.”

Kíákíá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Ìlara ló ń dà ẹ́ láàmú.”

“Ìlara ò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo béèrè.”

Kíákíá lọ bá ọ̀gá ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ní Oníbéèrè ń fa òun sẹ́yìn, kí wọ́n gbé e lọ sídìí iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n gbé e lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló lé e.

Ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ilé ìwòsàn. “Fóònù ní ẹ̀jẹ̀ wà, a dé ibi fíríìjì, a ò rí nǹkan kan.” Kíákíá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìdáhùn àtijọ́ rẹ́ láti orí àga rẹ̀, á wá sọ pé, “Ẹ tún un ṣí.” Wọ́n á tún un ṣí, á ti dáa. Wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ nǹkan: wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé, Eyínmẹ́nugún á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á ju ara rẹ̀ sórí àga. “Ìyàwó wa, ojú ìwé yín yìí ò gbọ́ tèmi o. Mo gbé àpò jáde, mo kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn dókítà tún wá ń sọ pé ó ṣì wà.”

“Bóyá ẹ ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa.”

“Mo tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.”

“Ìka mi á wú, ẹ̀yin lẹ máa bá mi fọ aṣọ.” Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín náà hàn. Kíákíá náà rẹ́rìn-ín.

Ó tó ìgbà kan tó fẹ́ sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ rí i tó ń mí kanlẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ó ní, “Kí ló dé?”

“Káàṣì ni.”

“Ìyẹn ò lè tán láyé. Èló ni?”

“Kì í ṣe owó.”

“Bí kì í bá ṣe owó, ẹ̀rín ló yẹ kó o máa rín.” Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀, ó lọ wẹ̀. Kíákíá pa kọ̀ǹpútà dé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò pè é padà. Ó ní bí òun bá tú ìdí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ayé á mọ̀ pé orí irọ́ ni wọ́n ti fi òun ṣe olórí. Mo ní ìyẹn nìkan? Ó ní ìyẹn nìkan.

Àwòdì òkè ò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ọjọ́ tí nǹkan máa bàjẹ́, obìnrin kan bímọ ní ilé ìwòsàn náà, ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ ò sì dá. Dókítà ti ní kí wọ́n pe ilé ìwòsàn mìíràn fún ẹ̀jẹ̀. Ó wá ṣí fóònù rẹ̀, ó rí i pé irú ẹ̀jẹ̀ obìnrin náà ṣì wà nínú fíríìjì. Ó ní, “Ẹ má pè wọ́n mọ́. Ó wà nílé.”

Nọ́ọ̀sì sáré dé ibi fíríìjì. Eyínmẹ́nugún ṣí i fún un. Kò sí.

“Fóònù ló ní ó wà.”

“Mo ti yọ ọ́ kúrò láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ibòmíràn, ẹ sáré.”

Kí ẹ̀jẹ̀ tó ti ibòmíràn dé, obìnrin náà ò mọ ibi tó wà mọ́. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè gbà á là, wọ́n ní láti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kúrò. Kò ní bí òmíràn mọ́ láyé.

Wọ́n pe ìpàdé. Dókítà Àgbà jókòó, ọ̀gá jókòó, Kíákíá jókòó pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Eyínmẹ́nugún nìkan ló dúró, torí kò sẹ́ni tó fún un ní àga.

Dókítà Àgbà ní, “Nínú ojú ìwé àti ẹni tó ń tọ́jú fíríìjì, ọ̀kan ló parọ́. Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́.”

Ẹ wá gbọ́ ìwà ìkà. Ẹni tó bá ń kọ ètò máa ń pa káàṣì lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó lè rí ohun tó ń kọ bí ó ṣe ń kọ ọ́. Kọ̀ǹpútà Kíákíá ò ní ìdáhùn àtijọ́ kankan nínú, ọ̀dọ̀ dátábéésì gan-an ló ti ń béèrè. Kò lè parọ́ bó tilẹ̀ fẹ́. Irọ́ tó wà lórí fóònù àwọn dókítà, Kíákíá ti pa á rẹ́ kó tó kúrò nílé. Dátábéésì sì mọ àkókò tí Eyínmẹ́nugún yọ àwọn àpò náà kúrò. Kíákíá ti rí i. Àkókò náà bá ohun tí ọmọbìnrin náà ń sọ mu, láìku ẹyọ kan.

Ó yí kọ̀ǹpútà náà sí wọn. “Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan yọ àpò kan báyìí, sà.” Wọ́n yọ ọ́. Iye orí kọ̀ǹpútà dín ní ọ̀kan lójú gbogbo wọn.

Kíákíá ní, “Ẹ wò ó fúnra yín. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ tèmi.”

Gbogbo ojú yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró.

“Mo kọ ọ́, sà,” Eyínmẹ́nugún ní. “Bí mo ṣe gbé e jáde ni mo kọ ọ́.” Ó wo Kíákíá. “Ìyàwó wa, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Kíákíá ń ká wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní, “Ohun tí mo rí ni mo fi hàn wọ́n.”

Wọ́n ní kí Eyínmẹ́nugún lọ jókòó sílé títí wọn yóò fi pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe fún un.

Ilé tí wọ́n ní kó lọ jókòó sí, ilé Kíákíá ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí. Kíákíá dé lọ́jọ́ kan, ó bá a tó ń lọ aṣọ iṣẹ́ òun. Inú bí Kíákíá.

“Ẹ fi aṣọ mi sílẹ̀.”

“Kí ni kí n máa ṣe, ìyàwó wa? N ò níṣẹ́.”

“Mo ní ẹ fi í sílẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń bínú kiri. Ó bínú sí ọkọ rẹ̀ nítorí ife tó gbé síbi tí kò yẹ, ó bínú sí ilẹ̀kùn, ó bínú sí ọ̀gá, ó bínú sí Eyínmẹ́nugún jù lọ, pé ó ń jókòó síwájú òun bí gbèsè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ẹni tó jẹ̀bi kì í rí ẹni bínú sí tó ju ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ lọ. Ìlà kejì, ó ṣì lè kọ ọ́. Kò gbà ju bí èèyàn ṣe ń mu omi. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá fọwọ́ kàn án, ẹnì kan á rí i pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kàn án ni.

Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan ni àṣírí tú. Ọkọ ń jẹun lórí tábìlì, Kíákíá ń ṣiṣẹ́ ní ìkángun kejì. Eyínmẹ́nugún ti yàrá jáde, fóònù wà létí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ nídìí fíríìjì ló ń bá a sọ̀rọ̀.

“Má tíì pe àwọn tó kọ ojú ìwé náà o,” ó ń sọ sínú fóònù. “Fíríìjì yẹn ṣófo pátápátá? O sì ti kọ ọ́? Ó dáa.”

Ó pa fóònù, ó ṣí ojú ìwé ẹ̀jẹ̀ náà lórí rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Àpò mẹ́rin ló wà níbẹ̀.

“Ìyàwó wa, ẹ ṣí tiyín.”

“Mo ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ ṣáà ṣí i.”

Ọkọ gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ṣí i fún un. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?”

Kíákíá ṣí i. Òdo ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Mẹ́rin ló wà lórí fóònù. Ojú ìwé kan náà, wákàtí kan náà, orí tábìlì kan náà.

Ọkọ wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Èwo ló ń parọ́ nínú méjèèjì?”

“Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀...” Ẹnu Kíákíá ló sáré sọ ọ́. Ó gbé ìyókù mì.

“Lọ́dọ̀ tiyín,” Eyínmẹ́nugún bá a parí rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà àbáyọ. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ìlà kan tó kọ, ìlà kan tí kò kọ.

Ọkọ ní, “Káàṣì tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn?” Ó ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó tún ní, “Ọjọ́ tí wọ́n ń bi í léèrè, o ti mọ̀?”

“Mo mọ̀.”

“Àbúrò mi dúró síwájú rẹ, o sì mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

Eyínmẹ́nugún ò pariwo. Kíákíá sọ fún mi pé ì bá sàn kó pariwo.

“Ọkọ obìnrin yẹn wá bá mi kí n tó kúrò níbẹ̀,” ó ní. “Ó tutọ́ sí mi láṣọ. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí n ò ṣe, nítorí mo ti ń rò ó pé bóyá mo gbàgbé lóòótọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ń sùn, mo ń jí, mo ń ka ìka mi, pé ṣé mo tẹ̀ ẹ́, ṣé n ò tẹ̀ ẹ́. Ẹ ń jókòó tì mí, ẹ ń jẹun.”

Ọkọ gbìyànjú láti pa iná ọ̀rọ̀ náà. “Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Kó lọ bá ọ̀gá ẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n dá ẹ padà síṣẹ́, kí tiẹ̀ náà má baà bọ́.”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tó ti sọ tàkọ́kọ́ ni kó ti lọ sọ ìkejì.”

Ibẹ̀ ló sì ti sọ ọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá kan náà, lójú àwọn èèyàn kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló dúró. Dókítà Àgbà ò bú u. Ó kàn bi í pé, “Ìlà kan?” Ó ní, “Ìlà kan, sà.” Ọ̀gá, tó ti gbá a léjìká nígbà kan, ò wo ojú rẹ̀ títí ó fi gba ìwé ìdádúró rẹ̀ tó sì jáde. Wọ́n pe Oníbéèrè padà. Ó tún ìbéèrè náà kọ, ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan bí ó ṣe wí. Ojú ìwé náà yá báyìí láìsí pé ó ń tọ́jú ohunkóhun pa mọ́.

Wọ́n ní kí Eyínmẹ́nugún padà síṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọ́ọ̀dù. Ìyẹn dára. Obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀, wọ́n bẹ òun náà. Ẹ̀bẹ̀ ò lè dá a padà.

Kò pẹ́ tí Eyínmẹ́nugún fi gba yàrá síbòmíràn. Ọjọ́ tó ń kó jáde, Kíákíá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀ tó bá a gbé. Ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

“Eyínmẹ́nugún, ẹ forí jì mí.”

“Mo ti forí jì yín, mà.” Ẹnu rẹ̀ ò là ju bí ọ̀rọ̀ ṣe lè gbà jáde lọ. Láti ọjọ́ orí tábìlì yẹn, kò tíì sẹ́ni tó rí eyín rẹ̀ nínú ilé náà.

“Bí ẹ bá ti forí jì mí, ẹ má pè mí ní mà. Ẹ pè mí ní ìyàwó wa, bí ẹ ṣe máa ń pè mí.”

Ọmọbìnrin náà nawọ́. Ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìdáhùn àtijọ́ nìyẹn, mà,” ó ní. “Ọ̀rọ̀ ti yí padà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó sì lọ.